Bí A Ṣe Ń Tú Áásù Iwájú Land Cruiser Tó Ti Dì Pa

Kí ló dì í mú? Ẹni tó fẹ́ tú áásù iwájú Land Cruiser gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bẹ́ẹ̀ kó tó nawọ́ sí òòlù. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń di irin mú níbẹ̀: kóònù (irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ tó fẹ̀ lókè) tó há sójú ihò rẹ̀, ìpẹtà tó so irin méjì pọ̀, kílíìpù (òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di ọ̀pá mú) tó sá pamọ́ sínú kòtò tóóró, àti gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì tó tú u kẹ́yìn fi rọ́pò gáskẹ́ẹ̀tì (bébà tó ń dí àárín irin méjì). Ohun tó ń tú ọ̀kan kì í tú èkejì. Ìpẹtà ń fẹ́ ọ́ìlì, iná àti sùúrù. Kóònù kò ka ọ́ìlì sí. Ó fẹ́ kí nǹkan mì í tìtì. Bí kílíìpù bá sì wà nípò rẹ̀, ẹ lè lu irin náà títí di alẹ́, kò ní jáde, àfi kó fọ́.

Land Cruiser 80, èyí tó jáde ní 1990, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Áásù iwájú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo láti táyà ọ̀tún dé ti òsì, bọ́ọ̀lù irin ńlá sì wà ní orí méjèèjì tí nọ́kù (irin tó ń yí táyà sọ́tùn-ún sósì) ń yí lé lórí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tú yóò tú ti Land Cruiser 60 àti 70, yóò sì tú ti Hilux àtijọ́ tó ní irú áásù kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye bóòtù àti ìwọ̀n wọn lè yàtọ̀. Hilux ìgbàlódé àti Prado, tí táyà iwájú kọ̀ọ̀kan wọn ń dá jó lọ́tọ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, àyàfi níbi táyà tó lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù (irin tí a ń de táyà mọ́), tárọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí sítíárìn fi ń yí nọ́kù) àti bóòtù tó dípẹtà.

Tòkunbọ̀ tó ti Kánádà tàbí àríwá Amẹ́ríkà wá ló sábà máa ń le jù. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ nígbà òtútù, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tó ti ń wọ àgbàrá Èkó tàbí ẹrẹ̀ oko láti ọjọ́ pípẹ́ náà kò kẹ̀rẹ̀: omi ń gba ibi síìlì (òrùka rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró) tó ti jẹ wọlé, ó ń fọ gíríìsì lọ, bíárínì a sì jóná mọ́ irin tó gbé e. Ohun tó sábà ń mú ènìyàn tú ibẹ̀ ni ariwo kó-kó-kó tó ń jáde nígbà tí a bá rọ́ sítíárìn dé òpin, táyà tó ń mì, tàbí ọ́ìlì àti gíríìsì tó pò pọ̀ di ọbẹ̀ dúdú tó ń ṣàn lára bọ́ọ̀lù irin náà. Ọbẹ̀ yẹn fi hàn pé síìlì inú áásù ti kú, ọ́ìlì gíá sì ti ń dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

Sókẹ́ẹ̀tì 54 mílímítà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, fún nọ́ọ̀tì ńlá méjì tó di bíárínì họ́ọ̀bù mú. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní Ládípọ̀ tàbí lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń tún Land Cruiser nìkan ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù yí nọ́ọ̀tì yìí, àṣà yẹn kò sì dùn mọ́ mi nínú rárá. Igun rẹ̀ a yún, èérún irin a bọ́ sínú bíárínì, ẹni tó bá tún un tú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò ní rí ibi tí yóò ti gbá a mú.

Ìkejì ni ọ̀pá idẹ tó nípọn tó àtàǹpàkò, pẹ̀lú òòlù tó wúwo dáadáa. Idẹ rọ̀ ju irin lọ. Bí méjèèjì bá kọlu ara wọn, idẹ ni yóò tẹ́, orí sítọ́ọ̀dù (ọ̀pá kékeré onítíréẹ̀dì tí nọ́ọ̀tì ń yí lé) yín yóò sì wà bó ṣe wà. Ẹ wá bóòtù M8 (tó nípọn ní mílímítà mẹ́jọ) méjì tó gùn díẹ̀, èyí tí tíréẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 1.25 mílímítà, àti píláyà tó ń ṣí kílíìpù. Ẹ tún wá búrọ́ọ̀ṣì onírin, púlà tárọ́ọ̀dù, abọ́ ńlá tí ọ́ìlì yóò máa kán sí, àti àkísà púpọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé yóò tó.

Ní ti ọ́ìlì, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìpẹtà ló dára jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń po ọ́ìlì gíá ọtọmátíìkì mọ́ asẹtóònù, ìdajì sí ìdajì, ó sì ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń gbaná kíákíá. Karosíìnì dára fún fífọ nǹkan. Bí ẹ bá ń dà á sórí bóòtù tó dípẹtà, ilẹ̀ ni yóò mu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ yìí ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Orí ilẹ̀ líle ni kí ẹ ti gbé e, kí ẹ fi igi dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì fi sítáàndì irin gbé ọ̀pá áásù fúnra rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ilé kì í ṣe sítáàndì. Ó lè gbé ọkọ̀ fún wákàtí méjì láìmì, kó wá là sí méjì nígbà tí ẹ bá fi òòlù lu nǹkan kan lókè rẹ̀, òòlù ni a ó sì máa lù ní gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ wọ awò tó ń bo ojú, nítorí pé èérún irin tó fò kì í kéde kó tó dé.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù tí ẹ máa tú ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fín ọ́ìlì sí wọn, kí ẹ tún un fín kí ẹ tó sùn. Iṣẹ́ tí ọ́ìlì bá ṣe lóru, apá kò ní ṣe é mọ́ lówùúrọ̀.

Táyà, kálípà àti ideri họ́ọ̀bù

Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè. Bí ríìmù bá ti lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, ẹ má jókòó sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ ta á. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìyípo kan, ẹ wa ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bíi mítà kan, kí ẹ sì máa tẹ bírékì. Ìwúwo ọkọ̀ ni yóò já a.

Bóòtù méjì ló di kálípà (irin tó ń fún dísìkì bírékì mọ́ra) mú lẹ́yìn. Ẹ tú wọn, kí ẹ fi wáyà so kálípà mọ́ sípíríǹgì. Ẹ má jẹ́ kí họ́ọ̀sì bírékì gbé e. Bí ọkọ̀ yín bá ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa nígbà tí a bá tẹ bírékì), ẹ wo ibi tí wáyà rẹ̀ gbà wọ nọ́kù kí ẹ tó lu ohunkóhun. Bí orí ABS náà bá ti lẹ̀, ẹ má fi píláyà fà á, yóò já. Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ tú wáyà rẹ̀ lókè níbi tó ti so mọ́ òmíràn.

Ideri kékeré tó wà láàárín fúlánjì (irin tó gba agbára lọ́wọ́ áásù tó sì fi ń yí họ́ọ̀bù) yóò jáde bí ẹ bá ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì kékeré kàn án yípo yípo. Lábẹ́ rẹ̀ ni kílíìpù wà lórí ọ̀pá tó ń yí nínú áásù, tí wọ́n ń pe òun náà ní áásù. Bí kò bá sí àyè láti yọ ọ́, ẹ wo àárín orí áásù náà: ihò tíréẹ̀dì wà níbẹ̀. Ẹ yí bóòtù M8 sínú rẹ̀, kí ẹ fi fa áásù síta, kílíìpù yóò sì yọjú dáadáa. Ẹni tó bá fi píláyà ń jà láì kọ́kọ́ fa áásù síta ni kílíìpù máa ń fò mọ́ lójú.

Ọkọ̀ tó ní họ́ọ̀bù tí a ń fọwọ́ yí, èyí tí wọ́n kọ LOCK àti FREE sí lára, ẹ yí i sí FREE kí ẹ tó tú bóòtù mẹ́fà ojú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ideri náà bá ti kúrò, iṣẹ́ tó kù kò yàtọ̀ sí ti fúlánjì.

Fúlánjì àti kóònù mẹ́fà: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba ọkọ̀ jẹ́

Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà lójú fúlánjì. Ẹ tú wọn, kí ẹ yọ wọ́ṣà pẹlẹbẹ abẹ́ wọn. Ohun tó kù lójú ihò kọ̀ọ̀kan ni kóònù, òrùka irin kékeré tó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ tó fẹ̀ lókè, tí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ó há sáàárín sítọ́ọ̀dù àti ihò fúlánjì. Bí nọ́ọ̀tì ṣe ń tì í ló ń wọlé, bí agbára ẹ́ńjìnì sì ṣe ń fa fúlánjì ló ń há sí i, gẹ́gẹ́ bí irin àáké ìbílẹ̀ ṣe ń wọnú igi rẹ̀ sí i nígbàkígbà tí a bá fi la igi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kóònù àti ihò a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan.

Èyí ni ibi tí ènìyàn ti ń rí ṣísẹ́ẹ̀lì láàárín fúlánjì àti họ́ọ̀bù, tí ẹnì kan ń lù ú, tí ẹlòmíràn ń fi irin gbọọrọ wọ́ ọ. Fúlánjì kò ní kúrò, nítorí pé kóònù mẹ́fà ṣì dì í mú. Ohun tí ṣísẹ́ẹ̀lì yẹn ń ṣe ni kó máa ha ojú gáskẹ́ẹ̀tì, kí gíríìsì lè rí ọ̀nà jáde láti ọjọ́ náà lọ.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ yí nọ́ọ̀tì padà sórí sítọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan títí ojú rẹ̀ yóò fi bá orí sítọ́ọ̀dù dọ́gba. Nọ́ọ̀tì yẹn ni yóò dáàbò bo tíréẹ̀dì. Ẹ gbé ọ̀pá idẹ lé e, kí ẹ fi òòlù lu ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan, kó le dáadáa. Ẹ lọ sórí èyí tó dojú kọ ọ́ lápá kejì, ẹ tún lù, títí ẹ ó fi yí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà po. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi idẹ lu ara fúlánjì fúnra rẹ̀, láàárín sítọ́ọ̀dù sí sítọ́ọ̀dù. A kò fẹ́ ti ohunkóhun wọlé. Ìmìtìtì òòlù ni a fẹ́ kó wọ irin náà lára, kí kóònù lè fò sókè kúrò lójú ihò. Ìlù kan tó wúwo sàn ju ogún tó fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó ń fi òòlù kékeré ta kó-kó-kó fún ìdajì wákàtí ń tẹ orí sítọ́ọ̀dù rẹ́ ni, kóònù kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ẹ ó rí i nígbà tó bá ṣẹlẹ̀: kóònù a gbéra, a tì mọ́ abẹ́ nọ́ọ̀tì. Ìdí mìíràn tí nọ́ọ̀tì fi yẹ kó wà níbẹ̀ nìyẹn, kí kóònù má baà fò wọ inú iyanrìn. Bí ọ̀kan bá kọ̀ nínú mẹ́fà, ẹ ti ẹnu sikirudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ibi tí wọ́n ti là á, kí ẹ yí i díẹ̀ kó lè ṣí, kí ẹ tún lu fúlánjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi iná gáàsì ta fúlánjì níbẹ̀ títí omi tí ẹ bá ta sí i yóò fi máa hó. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó pọ́n. Kí ẹ wá lù ú nígbà tó ṣì gbóná.

Nígbà tí kóònù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti jáde, ẹ wá ihò méjì tó ní tíréẹ̀dì lójú fúlánjì. Toyota ló fi wọ́n síbẹ̀ fún yíyọ rẹ̀, ẹrẹ̀ àti kíkùn sì ti máa ń dí wọn débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé wọ́n wà. Ẹ gbọ́n wọn mọ́, ẹ yí bóòtù M8 méjèèjì sí i, ẹ máa dì wọ́n ní ìyípo kékeré kékeré, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Fúlánjì a máa sún jáde. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń bọ̀ tí èkejì dúró, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ ka kóònù tó wà nínú abọ́. Márùn-ún ni ẹ ó bá níbẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù ló ń dì í mú, ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé e yípo kí ẹ tó tún bóòtù dì.

Nọ́ọ̀tì ńlá àti họ́ọ̀bù

Nọ́ọ̀tì méjì ló wà lórí sípíndù (ọ̀pá oníhò tí họ́ọ̀bù ń yí lé), wọ́ṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín wọn tí wọ́n tẹ etí rẹ̀ lé nọ́ọ̀tì kí ó má baà tú. Ẹ na gbogbo etí tí wọ́n tẹ̀ náà tán kí ẹ tó ti sókẹ́ẹ̀tì 54 wọlé. Etí kan ṣoṣo tí ẹ bá gbàgbé yóò mú kó dà bíi pé nọ́ọ̀tì ti lẹ̀. Lẹ́yìn nọ́ọ̀tì kejì ni wọ́ṣà tó nípọn tó ní ahọ́n, ahọ́n náà sì wọ kòtò kan lára sípíndù.

Bí nọ́ọ̀tì bá lẹ̀ mọ́ tíréẹ̀dì sípíndù ní tòótọ́, ẹ má fi agbára yí i títí tíréẹ̀dì yóò fi ya. Ẹ fi ẹ̀rọ ìlọrin gé ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan tíréẹ̀dì, kí ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì là á. Nọ́ọ̀tì kò tó sípíndù lówó.

Ẹ fa họ́ọ̀bù síta díẹ̀ kí ẹ tún tì í padà. Bíárínì ìta yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Họ́ọ̀bù àti dísìkì bírékì jọ ń jáde ni, wọ́n sì wúwo. Nínú ọkọ̀ tí bíárínì rẹ̀ ti jóná rí, òrùka inú bíárínì lè kù sára sípíndù kó lẹ̀ pátápátá. Ẹ fi ẹ̀rọ ìlọrin gé e láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ dúró kó tó kan sípíndù, kí ẹ gbé ṣísẹ́ẹ̀lì lé ojú ibẹ̀ kí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan. Irin òrùka yẹn le, ó sì tètè ń fọ́, nítorí náà yóò là. Níbi tí ẹ ti nílò awò ojú jù nìyí.

Sípíndù, Birfield àti kílíìpù tó fara pamọ́

Bóòtù mẹ́jọ ló di sípíndù mọ́ nọ́kù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde, sípíndù máa ń dúró síbẹ̀ bíi pé ẹnì kankan kò tú nǹkan kan. Gáskẹ́ẹ̀tì àti ìpẹtà ló dì í mú. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́, torí pé ọbẹ̀ dúdú yẹn yóò dà. Ẹ fín ọ́ìlì sójú ibi tí irin méjèèjì ti pàdé, ẹ yí nọ́ọ̀tì ńlá kan padà sórí sípíndù láti bo tíréẹ̀dì, kí ẹ wá fi òòlù onígi tàbí idẹ lu orí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́: lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Bó bá ti ń yí díẹ̀ lójú ara rẹ̀, ìpẹtà ti já, ẹ lè máa wọ́ ọ bọ̀.

Birfield ni oríkèé irin tó ń jẹ́ kí áásù lè yí táyà nígbà tí sítíárìn bá rọ́. Ibi tí wọ́n ń pè é ní "ó ti lẹ̀" jù lọ nìyí, kò sì sí ohun tó lẹ̀ níbẹ̀. Ara Birfield yìí ní ibi méjì tó tẹ́, tó dojú kọ ara wọn. Ẹ yí áásù títí ibi títẹ́ kan yóò fi wà lókè tí èkejì yóò sì wà nísàlẹ̀, kí ẹ na nọ́kù tààrà nípa sítíárìn, kí ẹ wá fà á. Yóò jáde bí idà tó jáde lápò. Ẹ gbé e ní ọwọ́ méjì, kí ọ̀pá rẹ̀ má baà ha síìlì inú áásù, àyàfi bí ẹ bá ti ra síìlì tuntun, ó sì yẹ kí ẹ ti rà á.

Láti ya Birfield kúrò lára ọ̀pá inú, ẹ rántí kílíìpù. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ipari ọ̀pá náà nínú oríkèé, ẹ kò lè rí i, ẹ kò sì lè fi píláyà dé ibẹ̀. Ìlù ló ń mú kó sún pọ̀ kó sì jẹ́ kí ọ̀pá kọjá. Ẹ di ọ̀pá mọ́ fáìsì pẹ̀lú igi tàbí idẹ lẹ́nu rẹ̀, kí Birfield kọjú sísàlẹ̀, kí ẹ gbé ọ̀pá idẹ lé irin oníràwọ̀ tó wà láàárín oríkèé, kí ẹ lù ú sísàlẹ̀. Ẹ má lu abọ́ ìta oríkèé náà, ẹ má sì lu àkámọ́ tó gbé àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké. Àwọn kan ń lo páìpù gígùn: wọ́n á ki ọ̀pá áásù bọ inú rẹ̀, kí irin oníràwọ̀ jókòó lé ẹnu páìpù, wọ́n á sì fi ìdí páìpù gún ilẹ̀ tó le. Ìwúwo ọ̀pá náà á fa ara rẹ̀ já. Ọ̀nà yìí dára bí ẹ kò bá ní fáìsì, ẹ kàn tẹ́ igi sílẹ̀ kí páìpù má baà lu kọnkéré.

Tárọ́ọ̀dù

Orí tárọ́ọ̀dù jẹ́ kóònù gígùn tó wọ ihò apá nọ́kù. Ẹ fa pín-ìnnì rẹ̀ yọ, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì títí yóò fi bá òpin tíréẹ̀dì dọ́gba, ẹ má yọ ọ́ tán. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń yí pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, ẹ fi jáàkì ti tárọ́ọ̀dù sókè díẹ̀ kó lè há, nọ́ọ̀tì yóò sì dá tú.

Ojú nọ́ọ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lù. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú ihò apá náà ni kí ẹ lù, irin tó yí kóònù po. Ẹ gbé òòlù ńlá kan tì í lápá kan, kí ẹ fi òòlù kejì lù ú lápá kejì. Ihò náà a fẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kóònù a sì já bọ́ pẹ̀lú ariwo tí etí yín kò ní ṣàṣìṣe rẹ̀. Bí ẹ bá ní púlà, ẹ fi fún un kó le dáadáa ṣáájú, kí ẹ wá lu ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Méjèèjì papọ̀ ń ṣe ohun tí ọ̀kan kò lè dá ṣe. Púlà oníga méjì tí wọ́n ń gbá wọ àárín máa ń ya rọ́bà, nítorí náà tárọ́ọ̀dù tí ẹ fẹ́ sọ nù nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Iná kò wúlò níbí bí ẹ bá fẹ́ tún tárọ́ọ̀dù náà lò: rọ́bà àti gíríìsì inú rẹ̀ kò ní yè é.

Apá nọ́kù, ṣíìmù àti òrùka bíárínì

Ẹ tú àwọn irin pẹlẹbẹ àti síìlì tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù irin náà. Lórí 80, apá nọ́kù wà nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́rin àti kóònù ló dì í mú. Ohun tí mo sọ nípa fúlánjì ni kí ẹ tún ṣe. Lókè ni ideri bíárínì wà pẹ̀lú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tirẹ̀. Abẹ́ ideri àti apá yìí lè ní ṣíìmù, bébà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé nọ́kù sáàárín bọ́ọ̀lù. Ẹ so ṣíìmù òkè mọ́ ideri òkè, ti ìsàlẹ̀ mọ́ apá ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ "òsì" tàbí "ọ̀tún" sí i. Bí wọ́n bá dà pọ̀, ẹ ó ní láti wọn gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun.

Òrùka bíárínì tó há sínú họ́ọ̀bù ní ibi méjì tí wọ́n gé fún ọ̀pá idẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ wá a, kí ẹ máa lù ú ní ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ní òsì lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá kọ̀, ẹ pe wẹ́dà kó fi iná jó ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yípo ojú inú òrùka náà. Bí ìlà yẹn bá ti tutù, òrùka á sún kì, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i rí kì í gbà á gbọ́. Òrùka náà ti kú nìyẹn, ẹ kò sì gbọdọ̀ tún un lò.

Nígbà tí bóòtù bá dípẹtà

Ṣáájú kí ẹ tó tú bóòtù tó lẹ̀, ẹ gbìyànjú láti dì í ní ìdámẹ́wàá ìyípo. Ìpẹtà á já lọ́nà tí bóòtù kò retí. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u díẹ̀, ẹ dì í padà díẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì sí i, ẹ tún tú u. Bó bá ń dún kiiri, ẹ máa lọ. Bó bá ń rọ̀ bíi rọ́bà, ẹ dúró, ó ti fẹ́ kán nìyẹn.

Bí ẹ bá máa lo iná, ibi tí bóòtù wọ̀ ni kí ẹ gbóná, kí ihò lè fẹ̀ ju bóòtù lọ. Ẹ gbọ́n ọ́ìlì ìpẹtà nù kí ẹ tó tan iná, pàápàá èyí tí asẹtóònù wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi iná súnmọ́ họ́ọ̀sì bírékì, síìlì, tàbí bíárínì tí ẹ fẹ́ tún lò. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n fi ń fọ bírékì tí kílórínì wà nínú wọn. Bí iná tàbí wẹ́dà bá kan ibi tí wọ́n fín in sí, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ kí ẹ tó mú iná wá.

Bí sítọ́ọ̀dù bá kán, ẹ má fi ìkánjú lu ihò sí i. Ẹ gbé nọ́ọ̀tì tó bá a mu lé èyí tó kù, kí wẹ́dà jó wọn pọ̀ láti inú nọ́ọ̀tì. Ooru ìjórin náà á tú ìpẹtà, nọ́ọ̀tì á sì di ibi tí ẹ ó ti fi sípánà mú un.

Kí ó má baà dì báyìí mọ́

Ẹ fọ gbogbo kóònù àti ihò wọn mọ́ gbẹ kí ẹ tó dá wọn padà. Kóònù tó ti yún tàbí tó ti là sí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì tó tọ́ sí fúlánjì àti sípíndù, kí ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ ki gíríìsì mólíbù sínú Birfield dáadáa, kí ẹ sì fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn sípíndù tó wọ nọ́kù, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ihò tárọ́ọ̀dù kò fẹ́ gíríìsì rárá. Gbígbẹ ló fi ń dì mú.

Nọ́ọ̀tì fúlánjì ni kí ẹ fi sípánà tó ń wọn agbára dì, bíi 35 Nm, ọ̀kan tẹ̀ lé èyí tó dojú kọ ọ́. Kóònù máa ń jókòó díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn, nọ́ọ̀tì a sì dẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀tì bá dẹ̀, sítọ́ọ̀dù nìkan ló ń gbé gbogbo agbára tó yẹ kí kóònù gbé, wọn a sì gé lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá ti ń wa ọkọ̀ náà, ẹ padà wá fi sípánà kan náà yẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.